Ìwé tó Sọnù ní Ìlú Òyìnbó: Ìtàn Yorùbá àti Ọ̀rọ̀ Backup

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kí ẹ máa kà á ju kí ẹ máa gbọ́ ọ lọ, tiyín rèé: ohun tí mo sọ lórí ètò ni a dà kọ síbí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ara mi. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ kí ìyá ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì wọ́n, tí mo tan fóònù sílẹ̀, tí wọ́n ń sọ ìtàn agboolé wa fún mi: ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó, ibi tí wọ́n ti wá, ogun tó lé wọn, orúkọ àwọn tó kú sójú ọ̀nà. Ó lé ní wákàtí mẹ́rin. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, wọ́n jí fóònù náà mọ́ mi lọ́wọ́ ní gáréèjì. Inú bí mi, àmọ́ ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ibi ìpamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti wà lókè, àbí?

Mo ra fóònù tuntun, mo wọlé sórí àkáǹtì mi, mo bá òfo. Èmi fúnra mi ni mo ti ṣètò rẹ̀ pé kó má gbé nǹkan kan lọ àfi tó bá rí Wi-Fi, kó má baà jẹ dátà mi. Èmi tí mi ò ní Wi-Fi nílé! Ká tó wí, ká tó fọ̀, ìyá àgbà ti pa ipò dà. Voice note méjì péré tí mo ti fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi ló ṣẹ́kù. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá, nínú wákàtí mẹ́rin.

Ìdí nìyẹn tí ìtàn tòní fi ń dùn mí bí ẹni pé èmi ló ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀yọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó di iṣẹ́ tó lé ní ogún ọdún sínú ẹrù, tó fi ránṣẹ́ síbi tó jìnnà, tó gbà pé ó ti dọ́wọ́ àwọn tó mọ nǹkan pa mọ́.

Samuel Johnson lorúkọ rẹ̀. Ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas, ni gbogbo wa máa ń tọ́ka sí tí iyàn bá délẹ̀ lórí Ọ̀rànmíyàn, lórí Àfọ̀njá, lórí Kúrunmi, títí kan àwọn tí kò ṣí i wò rí. (Mo mọ̀ yín.) Hastings ní Sierra Leone ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1846, láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀. Ó ṣì kéré nígbà tí wọ́n padà wálé, tí wọ́n dé Ìbàdàn. Ó lọ sí iléèwé CMS ní Abẹ́òkúta, ó ṣe tíṣà ní Ìbàdàn, ó di díákónì lọ́dún 1880, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú. Kì í ṣe àlùfáà tó jókòó sílé o. Ó wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín Aláàfin Adéyẹmí, àwọn Ìbàdàn, àwọn Èkìtì àti gómìnà Èkó, kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà Kírìjì lọ́dún 1886.

Láàárín gbogbo wàhálà yìí, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó ń lé e ni pé àwọn tó mọ ìtàn ti ń kú tán, bí wọ́n sì ṣe ń lọ ni wọ́n ń gbé e lọ. Àwọn tó bi léèrè ò kéré: Tìmì Lágúnjú ti Ẹdẹ wà lára wọn, àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí àwọn arọ́kin yìí, torí àwọn ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí à ń pè ní backup lónìí kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò dé Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ ìdílé ni. Bàbá á kọ́ ọmọ, ọmọ á kọ́ ọmọ tirẹ̀. Orúkọ àwọn Aláàfin bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, ohun tí oníkálukú ṣe, bó ṣe kú, orí ni wọ́n ń pa gbogbo rẹ̀ mọ́ sí. Kò sì sí nínú orí ẹnì kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá gbàgbé, èkejì á ràn án létí. Bí ilé bá jó, ìtàn ò jó.

Iṣẹ́ wọn wúlò lọ́jọ́ kan tó burú gan-an. Ọ̀yọ́ tí ẹ ń gbà kọjá tí ẹ bá ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, kì í ṣe Ọ̀yọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀yọ́ Ilé ni olú ìlú tẹ́lẹ̀, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá. Ní nǹkan bí 1835 sí 1837, ogun Ìlọrin tú u ká pátápátá. Àwọn èèyàn rẹ̀ fọ́n sí gúúsù. Ọ̀pọ̀ wọn ya Ògbómọ̀ṣọ́, tí ogun ò lè kó, ìlú náà sì kún fọ́fọ́. Àtìbà, ọmọ Aláàfin Abíọ́dún, wá sọ Àgọ́ Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tuntun. Kò sí ìwé kan tó ṣí wò. Láti orí àwọn èèyàn ló ti gba ààfin padà: oyè àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, iṣẹ́ àwọn ìlàrí, ọdún àti orò, ẹni tó ń kí ọba lówùúrọ̀ àti ọ̀rọ̀ tó fi ń kí i.

Ṣùgbọ́n ohun tó gbà padà ò rí bí ti tẹ́lẹ̀. Àtìbà fi Olúyọ̀lé jẹ Baṣọ̀run ní Ìbàdàn, ó fi Kúrunmi jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè. Oyè tó jẹ́ pé nítòsí Aláàfin gan-an ni Baṣọ̀run ti máa ń jẹ ẹ́ ní Ọ̀yọ́ Ilé wá wà lọ́wọ́ ẹni tó ní ìlú tirẹ̀ àti ọmọ ogun tirẹ̀. Orúkọ kan náà ni, agbára rẹ̀ ti yí padà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ó dáa. Johnson ń kọ ìwé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1895, Captain Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn, yìnbọn ńlá sí ìlú Ọ̀yọ́. Ẹ ro ó wò ná: ilé àlùfáà wà nínú ìlú yẹn, ìwé àfọwọ́kọ tí ọkùnrin kan ti ń kọ láti bí ogún ọdún wà nínú ilé náà, àgbá sì ń dún. Ìwé náà yè é. Ní 1897, Johnson kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ níbẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ ti parí.

Ní 1899 ni wọ́n dì í, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan tó lórúkọ ní Ẹ̀ńgílándì, láti ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ńlá. Wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Àbúrò Samuel, Dókítà Obadiah Johnson, tó ń ṣiṣẹ́ ìṣègùn ní Èkó, bá iṣẹ́ mìíràn lọ sí Ẹ̀ńgílándì lọ́dún 1900. Ó yà sọ́dọ̀ atẹ̀wé náà. Èsì tó gbà ni pé àwọn ti ṣì í gbé sí ibì kan, àwọn ò rí i mọ́, àwọn sì ṣe tán láti san owó rẹ̀. Owó! Ìwé tí kò ní èkejì láyé, wọ́n fẹ́ fowó dí i. Obadiah kò fi pa mọ́ nínú ọ̀rọ̀ tó kọ síwájú ìwé náà nígbà tó yá pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún rú òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun lójú, àti pé ó dà bíi pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mi ò ní fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ọdún tó lé ní ọgọ́fà. Àmọ́ tí wọ́n bá sọ fún mi pé èmi náà ò ní fura, irọ́ ni.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1901, Samuel kú. Kò rí ìwé rẹ̀.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká ti wo ọ̀rọ̀ fóònù wa. Gbogbo wa ló gbà pé "ó ti wà lókè" túmọ̀ sí pé ó ti wà ní ààbò. Òkè yẹn, kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni, tó wà níbi tí a kò mọ̀, lọ́wọ́ àwọn èèyàn tí a kò lè kàn lẹ́nu ilẹ̀kùn bí Obadiah ṣe kàn wọ́n. Fífi nǹkan ránṣẹ́ síbẹ̀ dáa. Èmi ò ní sọ pé kò dáa. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo tí a ní la gbé lọ síbẹ̀, tí a wá nu ti ọwọ́ wa nù kí àyè lè wà lórí fóònù, a ò ní ẹ̀dà ìpamọ́ kankan. Ńṣe la kàn ṣí ibùgbé rẹ̀ padà.

Ohun tó gba ìtàn Yorùbá là ni pé Samuel kò da pépà rẹ̀ nù. Àwọn ohun tó kọ sílẹ̀ nígbà tó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà lẹ́nu wò, àti ìwé tó kọ́kọ́ fi ń gbìyànjú kó tó dà á kọ dáadáa, ó wà níbẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó sì pọ̀. Àwọn pépà rádaràda tí ẹlòmíràn ì bá fi dáná, àwọn ló di backup.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, níní ẹ̀dà ọ̀tọ̀, gbígbà á padà ọ̀tọ̀. Obadiah kò bẹ̀rẹ̀ kíá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń wo àwọn pépà yẹn, ẹ̀rù ń bà á. Ọ̀rọ̀ atẹ̀wé yẹn ti kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá a, iṣẹ́ dókítà ò sì jẹ́ kó ráyè. Nígbà tó wá dáwọ́ lé e, ó rí i pé ohun tí ẹ̀gbọ́n òun kọ sílẹ̀ fún ara rẹ̀, òun nìkan ló yé dáadáa. Òun náà ní láti padà lọ bi àwọn àgbà léèrè, kó máa yọ hóró kúrò nínú ìyàngbò. Ó tún orí ìwé kan kọ, ó gé òmíràn kúrú, ó fẹ òmíràn lójú, ó sì fi tuntun kún un.

Nítorí náà, ìwé tí à ń kà lónìí kì í ṣe èyí tí wọ́n dì nínú ẹrù lọ́dún 1899. Èyí tí àbúrò gbà padà ni. A kò lè fi ìka tọ́ ojúlé tí Samuel ti dákẹ́ tí Obadiah ti gba ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ Àtìbà àti Ọ̀yọ́ Ilé náà ni: orúkọ rẹ̀ padà wá, èèyàn rẹ̀ padà wá, àmọ́ kì í ṣe òun gan-an. Èyí kì í sì í ṣe ẹ̀gàn o. Láìsí Obadiah, kí là bá máa kà?

Ẹ má rò pé ó ti tán. Obadiah parí iṣẹ́ náà, ó sì tún fi ọkọ̀ ojú omi rán an lọ sí Ẹ̀ńgílándì. Ọkọ̀ Appam ló gbé e, ó ṣí ní Èkó ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 1916. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́. Ọjọ́ 15 oṣù náà ni ọkọ̀ ogun Jámánì kan tó ń jẹ́ Möwe, tó ń fi ìrísí ọkọ̀ ọjà tan àwọn èèyàn jẹ, dá Appam lọ́nà nítòsí erékùṣù Madeira, ó sì mú un. Gómìnà Sierra Leone, Sir Edward Merewether, wà nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n retí ọkọ̀ ní Ẹ̀ńgílándì títí, kò dé. Wọ́n ní ó ti rì.

Kò rì. Ọ̀gágun kékeré kan láti Jámánì, Hans Berg, ló wà á sọdá Òkun Àtìláńtíìkì lọ sí Virginia, ní Amẹ́ríkà, tí kò tíì wọ ogun nígbà yẹn. Ọjọ́ 1 oṣù Kejì ló gúnlẹ̀ ní Hampton Roads. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ìtàn Ọ̀yọ́ Ilé, Ìbàdàn àti Ìjàyè, pẹ̀lú orúkọ gbogbo Aláàfin, wà nínú ọkọ̀ tí àwọn Jámánì jí gbé, ní èbúté Amẹ́ríkà. Ẹjọ́ lórí ẹni tó ni ọkọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, tó dá a padà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ni ín ní oṣù Kẹta ọdún 1917. Ìwé àfọwọ́kọ náà ní tirẹ̀ lò tó ọdún méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Nígbà tó sì dé, pépà ti wọ́n jù nítorí ogun. Wọ́n dá títẹ̀ ẹ́ dúró, wọ́n dá a padà fún Obadiah. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, ogún ọdún gbáko lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́.

Ọ̀nà omi yẹn kan náà la ṣì ń lò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Abidjan. Ẹ ó rántí: áàpù báǹkì ò ṣí, owó tí a fi ránṣẹ́ ò dé. Ohun tó wà "lókè" wà lábẹ́ omi lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá gba ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lọ wàyí (ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yẹn, ẹ pẹ̀lẹ́), torí pé ìwé mìíràn wà tó gba àgbègbè yìí lọ sókè òkun ṣáájú ti Johnson, tí ti rẹ̀ sì yọrí sí rere. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, gbé ní Ìjàyè, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1855. Ó ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ. Ó padà sí Amẹ́ríkà, Smithsonian Institution ní Washington sì tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde lọ́dún 1858. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ìyẹn, ní 1862, Ìbàdàn pa Ìjàyè run. Ká ní ilé rẹ̀ ní Ìjàyè ni ìwé yẹn wà, ó bá a lọ nìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà tún ti wá dùn ni pé ní oṣù Kìíní ọdún 1865, iná jó ilé Smithsonian fúnra rẹ̀, ó sì run ọ̀pọ̀ ìwé àti lẹ́tà. Ìwé Bowen kò run, torí títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà rẹ̀ ti wà káàkiri. Lónìí, ẹ lè wà á jáde sórí fóònù yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣé ẹ rí ìyàtọ̀ rẹ̀? Àwọn méjèèjì ló kó iṣẹ́ wọn lọ síbi tó jìnnà. Jíjìnnà nìkan kọ́ ló gba ti Bowen là.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń sọ pé kí èèyàn ní ẹ̀dà mẹ́ta, kó wà lórí oríṣi ohun èlò méjì, kí ọ̀kan sì wà níta ilé. Fún àwa tí à ń fi fóònù ṣe gbogbo nǹkan, èyí ò le: fóònù, flash tàbí kọ̀ǹpútà ẹnì kan nílé, àti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ àwọn ibi kan wà tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀. Tí Google Photos bá ti so mọ́ fóònù yín, fọ́tò tí ẹ bá pa rẹ́ nínú rẹ̀ lórí fóònù á pa rẹ́ lókè náà. Inú àpótí ìdọ̀tí ló máa wà fún 60 ọjọ́, lẹ́yìn náà ó di àwátì. Tí ẹ bá fi password ti backup WhatsApp yín pa, tí ẹ wá gbàgbé rẹ̀, WhatsApp pàápàá ò lè bá yín ṣí i. Kí ẹ sì wo ọjọ́ tí backup ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, ẹ má kàn gbà pé ó ń ṣẹlẹ̀. Èmi ni ẹlẹ́rìí. Èyí tí àwa èèyàn kì í ṣe jù ni ká dán an wò: ẹ mú fáìlì kan, ẹ gbà á padà sórí fóònù mìíràn, ẹ ṣí i, ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Johnson kò rí ọ̀nà dán tirẹ̀ wò. Ẹ̀yin rí i.

Ní ti ìtàn agboolé wa, mo ṣe bí Obadiah. Nígbà tí ọkàn mi rọlẹ̀, mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn, mo fi í sétí àbúrò ìyá àgbà, bàbá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Wọ́n gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní kí n tún un fi sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn. Nínú voice note, ìyá àgbà ní Ìkòyí làwọn èèyàn wa ti sá wá. Bàbá ní rárá o, Ìgbòho ni, wọ́n kàn gba Ìkòyí kọjá ni. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀. Ó wà lórí fóònù mi, ó wà lọ́wọ́ àbúrò mi, ó wà lókè, mo sì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, mo fún bàbá ní ọ̀kan. Wọ́n fi sábẹ́ Bíbélì wọn.

Ìjàyè là ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀: ọ̀rọ̀ Kúrunmi àti Aláàfin Adélù. Ó dìgbà náà o.